Aginjù Tí Ó Di Ìlú: Bí Àwọn Aṣáájú Ẹ̀sìn Ti Tẹ Ìlú Titun Dó, àti Bí Wọ́n Ti Ṣe Àkóso Rẹ̀

Ìtàn ni mo mú wá, kì í ṣe ìwàásù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ gbọ́ ìtàn yóò rí i pé òun náà a máa bá ènìyàn wí.

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń pè ní aginjù. Lẹ́nu àwọn baba wa, aginjù kì í ṣe ilẹ̀ iyanrìn. Igbó kìjikìji tí ènìyàn kò gbé, níbi tí ẹranko nìkan ń rìn, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ tí irúgbìn kì í ṣe dáradára nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní aṣálẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè wa, iṣẹ́ tí a parí odindi rẹ̀ ní 1884, aginjù ni wọ́n pe ilẹ̀ tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì là kọjá. Láti ìgbà náà wá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ní ìtumọ̀ méjì lẹ́nu onígbàgbọ́ Yorùbá: ibi tí kò sí ilé ni, ibi tí Ọlọ́run sì ti ń kọ́ ènìyàn rẹ̀ ni pẹ̀lú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìtumọ̀ méjèèjì sọ́kàn, nítorí pé ìrìn wa yóò gba inú iyanrìn, inú igbó, àti orí ẹrẹ̀ etí òkun.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn kò ju ọ̀kan lọ. Ìgbàgbọ́ ni ó ń mú ènìyàn wọ aginjù, ìgbọràn sí olórí kan ni ó sì ń mú un là á já. Ṣùgbọ́n nígbà tí aginjù bá ti di ìlú, ohun mìíràn ni í gbé e ró. Ohun náà ni òfin tí gbogbo ènìyàn mọ̀, àti ìṣirò iṣẹ́ ìríjú tí olórí pàápàá kò lè ṣàì ṣe. Ọ̀pọ̀ aṣáájú ni ó mọ ohun èkíní dáradára. Díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ èkejì.

I. NÍ ILẸ̀ ÍJÍBÍTÌ

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí aginjù ti jẹ́ iyanrìn ní tòótọ́. Ní nǹkan bí ọdún 270, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Íjíbítì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Antonius pín ohun ìní tí àwọn òbí rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó sì lọ dá gbé nínú aginjù láti máa gbàdúrà. Òkìkí rẹ̀ kàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tẹ̀ lé e, olúkúlùkù nínú ahéré tàbí ihò tirẹ̀. Ìwọ̀nyí jẹ́ ẹni mímọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tẹ ìlú dó. Ẹni tí ó bá ṣàìsàn láàrin wọn lè kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Pachomius, ẹni tí ó ti jẹ́ ọmọ ogun rí, ni ó rí i pé dídá gbé kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ní nǹkan bí 320 ó tẹ ibùdó kan dó sí Tabennisi, abúlé kan tí àwọn ará rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá odò Náílì. Ó kọ ìlànà sílẹ̀ fún àwọn tí ó wá bá a. Ó pín wọn sí ilé ilé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àwọn kan ń hun ẹní, àwọn kan ń ran aṣọ, àwọn kan ń ro oko. Ilé kọ̀ọ̀kan sì ní olórí àti igbákejì. Àkókò àdúrà, àkókò oúnjẹ, àti àkókò iṣẹ́ ni a là sílẹ̀. Nígbà tí ó fi máa kú nínú àjàkálẹ̀ àrùn ní nǹkan bí 346, ibùdó mẹ́sàn-án ti ọkùnrin àti méjì ti obìnrin ni ó wà lábẹ́ ìlànà náà.

Ohun kan wà nínú ètò rẹ̀ tí ó yẹ kí á kíyè sí. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni gbogbo ibùdó máa ń péjọ pọ̀. Ìpàdé kìíní jẹ́ ti Àjíǹde, fún ìsìn. Ìpàdé kejì, tí ó bọ́ sí oṣù August, jẹ́ ti ìṣirò: olórí ibùdó kọ̀ọ̀kan a wá síwájú ìríjú àgbà, a sì ròyìn ohun tí wọ́n ṣe, ohun tí wọ́n tà, àti ohun tí wọ́n rà. Kò sí ẹni tí ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kì yóò béèrè ìwé ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀ ìṣòro dé. Lẹ́yìn ikú Pachomius àwọn ibùdó náà ní ilẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi púpọ̀. Bí ọrọ̀ ti ń pọ̀ ni ìfẹ́ ń dínkù. Nígbà tí Horsiesios jẹ́ olórí, Apollonius, alákòóso ibùdó kan tí ó lọ́rọ̀, sọ pé ibùdó òun kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Horsiesios kò bá a jà. Ó fi ipò rẹ̀ lé Theodore lọ́wọ́ ní nǹkan bí 350, ó sì yọwọ́. Kí ni Theodore ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn alákòóso nípò láti ibùdó kan sí èkejì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ibùdó di ogún baba rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i tí a gbé àlùfáà yín lọ sí ìjọ mìíràn ní àkókò tí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ jù, ẹ mọ̀ báyìí pé ọgbọ́n náà ti pẹ́ láyé.

II. NÍ AṢÁLẸ̀ UTAH

Láti Íjíbítì ẹ jẹ́ kí á fò kọjá ọdún 1500 lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti rí àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù lọ ní ayé òde òní nípa ìjọ tí ó kọ́ ìlú sínú aṣálẹ̀. Ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, tí a ń pè ní Mormon, yàtọ̀ sí tiwa. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn nìkan ni a fẹ́ wò.

Ní 1844 àwọn ènìyànkénìyàn pa Joseph Smith, olùdásílẹ̀ ìjọ náà, nínú ẹ̀wọ̀n ní ilẹ̀ Illinois, a sì lé àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ kúrò ní ìlú wọn. Brigham Young kó wọn rin ìrìn oṣù púpọ̀ kọjá pápá àti òkè, títí wọ́n fi dé àfonífojì Adágún Iyọ̀ Ńlá ní oṣù July 1847. Ilẹ̀ náà gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ohun ìtúlẹ̀ kò fi wọ̀ ọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tí ó ṣáájú ṣe ni pé wọ́n dí odò kékeré kan, wọ́n sì da omi rẹ̀ sórí ilẹ̀ kí ó lè rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni omi ti di ọ̀ràn ìjọba láàrin wọn.

Òfin wọn rọrùn láti gbọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ tàbí tà á ní ìbẹ̀rẹ̀. A ó wọ̀n ọ́n fún olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ láti ro ó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ odò tàbí igi igbó di tirẹ̀ nìkan. A pín ìlú sí agbègbè, a sì fi bíṣọ́ọ̀bù kan, tí ó jẹ́ àgbẹ̀ tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ bí àwọn yòókù, ṣe olórí agbègbè kọ̀ọ̀kan. Bíṣọ́ọ̀bù yìí ni ó ń kó àwọn ènìyàn jọ láti gbẹ́ yàrà omi, òun ni ó ń parí ìjà nígbà tí ẹnìkan bá fa omi kọjá àkókò tirẹ̀. Ẹni tí kò bá wá síbi iṣẹ́ yàrà kò ní ẹnu láti béèrè omi. Nípa ètò yìí, nígbà tí Brigham Young fi máa kú ní 1877, wọ́n ti tẹ ibùdó tí ó ju 300 dó.

Ìyẹn ni apá tí ó dára. Apá kejì ń bẹ pẹ̀lú, ẹni tí ó bá sì ń sọ ìtàn kò gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n pè ní òfìfo kì í ṣe òfìfo. Àwọn ẹ̀yà Ute, Shoshone àti Paiute ti ń gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó dé, wọ́n sì pàdánù odò àti ibi ìdẹ wọn. Bákan náà, ẹnìkan ṣoṣo ni ó jẹ́ olórí ìjọ tí ó sì tún jẹ́ gómìnà ní ọdún àkọ́kọ́, àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ olórí ìjọ àti ọ̀gágun pọ̀. Ní oṣù September 1857, ní gúúsù ilẹ̀ náà, àwọn ọmọ ogun agbègbè pa nǹkan bí 120 arìnrìn-àjò, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, ní Mountain Meadows. Àwọn tí ó yẹ kí á ké sí fún ìdájọ́ ni àwọn kan náà tí ó fún ni ní àṣẹ. Ẹnìkan ṣoṣo ni a pa fún ẹ̀ṣẹ̀ náà, ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Ìlú kékeré kan tún wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Orderville, tí a tẹ̀ dó ní 1875. Níbẹ̀, ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì jọ ń jẹun nínú ilé ńlá kan. Nígbà tí wọ́n tálákà, ètò náà tù wọ́n lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ ìwakùsà mú owó wá sí àyíká wọn, tí àwọn ọ̀dọ́ wọn rí aṣọ tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń wọ̀ ní ìlú kejì, aṣọ tí a hun nílé kò wù wọ́n mọ́. Ní nǹkan bí 1885 ètò náà parí. Ẹ pa Orderville mọ́ sínú ọkàn. A ó rí àbúrò rẹ̀ ní etí òkun tiwa.

III. NÍ INÚ IGBÓ AGÉGE

Nísinsin yìí ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Àwa náà ní aṣáájú ẹ̀sìn tí ó tẹ ibùdó dó. Nígbà tí a fọ́ ilé ìsìn ní Abẹ́òkúta ní oṣù October 1867, nínú ọ̀ràn tí a ń pè ní Ìfọ́lé, àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá sá wá sí Èkó, Gómìnà Glover sì fún wọn ní ibùjókòó ní Èbúté-Mẹ́tà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó sún mọ́ àwa ará Alímọ̀ṣọ́ jù lọ ni ti Agége, aládùúgbò wa, tí ẹlòmíràn ń kọjá lójoojúmọ́ láìmọ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni gbogbo agbègbè yìí, láti Agége dé Ìkòtún àti Ìgándò. Àwọn abúlé wà káàkiri, igbó sì pọ̀ láàrin wọn. Ní nǹkan bí 1880, J. P. L. Davies, oníṣòwò ńlá Èkó tí òwò ti bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ijon, ní apá ìhín yìí, ó sì wà lára àwọn ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí ọ̀nà rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn sì ṣí ní 1901, Agége di ibi tí a lè ti kó irè oko dé èbúté ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ọdún 1901 kan náà ni ọ̀ràn ìjọ mú àwọn ènìyàn wá sí oko. Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọmọ Ẹ̀gbá tí a bí ní 1866, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú ìjọ St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ìjọ àti àwọn ọmọ ìjọ kò fohùn ṣọ̀kan lórí bí a ti ṣe sí Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde pẹ̀lú Coker ní oṣù October ọdún náà, wọ́n sì dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀. Ìjọ tí ó jáde láìní olówó òkèèrè lẹ́yìn gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò fi bọ́ àlùfáà rẹ̀. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo igbó Agége, wọ́n sì rí ìdáhùn níbẹ̀. Ní Ìfàkò ni oko ńlá tirẹ̀ wà: kòkó, obì, àti irúgbìn mìíràn. Láàrin oko ni ilé ìsìn wà. Ẹni tí ó sanwó fún alágbàṣe ní Sátidé ni ó ń jókòó tì í ní ọjọ́ Ìsinmi.

Àwọn alágbàṣe náà wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti Èkìtì, láti Oǹdó àti ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n bá ń padà sílé, irúgbìn kòkó wà nínú àpò wọn, ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ sì wà lẹ́nu wọn. Coker àti àwọn àgbà ìjọ rẹ̀ gbà wọ́n níyànjú sí i, nítorí pé lójú wọn, Bíbélì àti àdá kò gbọdọ̀ ya ara wọn. Bí a bá rí Ìjọ Áfíríkà àti oko kòkó pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú òkè lónìí, igbó Agége ni ó bí wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣàkóso? Ní ti ìjọ, wọ́n ti kọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa pàṣẹ. Ìgbìmọ̀ àwọn ọmọ ìjọ ni ó ń mú owó, tí ó sì ń jíròrò iṣẹ́. Ní ti oko, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olóko Agége sílẹ̀ ní 1907, Coker sì ni ààrẹ rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ń fi ohùn kan sọ̀rọ̀ lórí owó iṣẹ́ alágbàṣe, lórí irúgbìn, àti lórí títà kòkó. Ìwọ̀nyí jẹ́ ohun ìyìn. Àwọn ènìyàn dúdú ni wọ́n, láìsí àṣẹ ìjọba, tí wọ́n kó ara wọn jọ láti dá òfin iṣẹ́ fún ara wọn.

Ṣùgbọ́n ibì kan ń bẹ tí òfin wọn kò dé, ibẹ̀ náà sì ni ewu gbà wọlé. Ìjọ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ilẹ̀ oko sì jẹ́ ti olúkúlùkù. Ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ olóko, ó sì lè fi í dúró fún gbèsè lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò. Nígbà tí kòkó wọ́n lórí, lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, gbogbo ènìyàn ń yá owó láti fi kún oko. Nígbà tí owó kòkó já lulẹ̀ ní 1920 sí 1921, gbèsè dúró síbi tí ó wà, owó nìkan ni ó sọnù. Oko tí ó ń bọ́ àlùfáà di oko tí ń sanwó èlé. Agége kò ṣófo; obì gba ipò kòkó níbẹ̀, àwọn Hausa oníṣòwò obì sì fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó. Ṣùgbọ́n ipò tí àwọn olóko ìjọ ní tẹ́lẹ̀ kò padà mọ́. Coker kú ní 1945.

Ní 1921 kan náà ni Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ ti Ọba ní Lọ́ńdọ́nù dá ẹjọ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, lórí ilẹ̀ Àpápá. Ìdájọ́ náà sọ pé ilẹ̀ ní àṣà wa jẹ́ ti ìdílé àti ìlú, àti pé gbígbà tí ìjọba òyìnbó gba Èkó kò pa ẹ̀tọ́ náà rẹ́. Mo so ẹjọ́ yìí mọ́ ìtàn Agége nítorí pé àwọn méjèèjì béèrè ìbéèrè kan náà: nígbà tí àlejò bá sọ igbó di oko tàbí ìlú, ta ni ó ni ilẹ̀ náà, ta ni ó sì lè pàdánù rẹ̀?

IV. LÓRÍ ẸRẸ̀ ETÍ ÒKUN

Bí ilẹ̀ olúkúlùkù bá ti mú wàhálà wá ní Agége, ẹlòmíràn lè wí pé ohun tí ó dára ni kí ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. A ti dán èyí wò ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, ọdún méjì péré lẹ́yìn ikú Coker.

Ní oṣù January 1947, àwọn onígbàgbọ́ kan ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí wọ́n jáde láti inú ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù, tẹ Ayétòrò dó ní etí òkun ńlá, ní ibi tí ó ti di Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́. Inúnibíni nítorí ẹ̀sìn wọn ni ó lé wọn dé ibẹ̀. Ibi tí wọ́n yàn kò wu ẹnikẹ́ni: ẹrẹ̀ ni, omi iyọ̀ ní iwájú, irà ní ẹ̀yìn, kò sí ilẹ̀ tí a lè fi ọkọ́ kọ ebè sí. Wọ́n gún òpó sínú ẹrẹ̀, wọ́n kọ́ ilé lé e lórí, wọ́n sì tẹ́ pátákó ṣe òpópónà láti ilé dé ilé.

Láàrin wọn kò sí ẹni tí ń gba owó iṣẹ́. Ohun tí apẹja rí nínú òkun, ohun tí ahunṣọ hun, àti ohun tí agbẹ́kọ̀ tà, inú àpò kan ni ó ń lọ. Àpò kan náà ni ó ń bọ́ àgbà àti ọmọdé, tí ó sì ń wọ̀ wọ́n láṣọ. A ya ibùgbé ọkùnrin sọ́tọ̀ àti ti obìnrin sọ́tọ̀. Olórí wọn jẹ́ ọba àti olórí ìjọ pọ̀. Kí ogún ọdún tó pé, ìlú náà ti ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ní in. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ bàtà, ti ọṣẹ, ti búrẹ́dì, ibi tí a ti ń ran aṣọ, àti ibi tí a ti ń kan ọkọ̀. Àlejò ń ti òkèèrè wá wò wọ́n. Ẹni tí ó bá sọ pé ènìyàn dúdú kò lè dá nǹkan ṣe, kí ó lọ ka ìtàn Ayétòrò.

Kí ni ó fà á tí kò fi dúró bẹ́ẹ̀? Ẹ̀kọ́ kan wà láàrin wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ikú kò ní ipá lórí àwọn ẹni mímọ́. Nítorí náà, kò wọ́pọ̀ kí á béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n ikú dé láìpẹ́ ọjọ́, lẹ́yìn 1960 ó sì mú ọba àkọ́kọ́ náà lọ. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń fi tayọ̀tayọ̀ fún ẹni tí wọ́n bá wọ aginjù, kò rọrùn láti fún ẹni tí ó jogún ìtẹ́ nìkan. Ọ̀dọ́ tí a bí sórí pátákó kò mọ inúnibíni. Ìlú tí ó ti là ni ó mọ̀, ó sì ń béèrè pé kí ni ìpín òun nínú ọrọ̀ náà. Ní 1968 a gbà kí olúkúlùkù máa ṣòwò fún ara rẹ̀, kò sì pẹ́ tí àpò kan náà di àpò púpọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ti ìlú rẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tì pa. Bí ti Orderville ti rí ni ti Ayétòrò rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìlú méjèèjì kò gbọ́ orúkọ ara wọn.

Ìlú náà wà síbẹ̀, ọba sì ń jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún mélòó kan òkun ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀. Ó ti gba ilé gbígbé, ilé ìwé àti ilé ìsìn. A ti ṣe ìlérí odi fún wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí kọ́ wa pé bí ìlú onígbàgbọ́ kan bá tilẹ̀ ṣètò ara rẹ̀ dáradára tó, kò lè dá nìkan dúró; ó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìjọba kan tí ó lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

V. ÀWA ARÁ ALÍMỌ̀ṢỌ́

Ẹ̀yin ará, ẹ lè wí pé kí ni ìwọ̀nyí kàn wá? Aginjù dà ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìgándò? Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ pé a ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí àwọn Àwórì ti ń ro oko ni a ti ń wá ààyè ìdúró fún ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ yóò sọ pé ìjọ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ inú igbó wọ̀nyí. Níbi tí kò tíì sí ọ̀nà tàbí iná, a ó rí àgọ́ onípáànù kan tí a ti ń kọrin. Láti ibẹ̀ ni ilé ìwé ti bẹ̀rẹ̀, láti ibẹ̀ ni ọjà ti bẹ̀rẹ̀, àdúgbò sì gba orúkọ ìjọ. Àwa náà jẹ́ ọmọ àwọn tí ó sọ aginjù di ìlú.

Nítorí náà, ohun tí ó dé bá àwọn tí a ti sọ ìtàn wọn lè dé bá wa, ó sì ti dé bá wa rí. Ní ọjọ́ 12 oṣù September 2014, ilé àlejò ìjọ kan ní Ìkòtún wó, ènìyàn 116 sì kú, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àlejò láti ilẹ̀ South Africa. Adájọ́ tí ó wádìí ikú wọn sọ ní 2015 pé àìlágbára ilé náà ni ó wó o, àti pé a kò gba àṣẹ ìjọba kí á tó kọ́ ọ. Èmi kò mẹ́nu kan èyí láti fi ṣe ẹlẹ́yà. Òkú kì í ṣe ohun ẹlẹ́yà, ọ̀pọ̀ ìjọ sì ń bẹ tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, tí ilé tiwọn kò kàn tíì wó ni. Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé ó fi ohun tí àìṣírò ń ná ènìyàn hàn. Àwọn baba wa wí pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìgbàgbọ́ kì í ṣe ìdí tí a fi ní láti yẹra fún ẹni tí ń wọn òpó.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ìtàn yìí fi lé wa lọ́wọ́, ó sì yẹ kí ìjọ kọ̀ọ̀kan dáhùn wọn kí ó tó fi àdá kan igbó. Èkíní ni ti ilẹ̀: ta ni ó ni ín, ìdílé wo ni a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ ta ni ó wà lórí ìwé rẹ̀, ǹjẹ́ ẹnìkan sì lè fi í dúró fún gbèsè láìsọ fún ìjọ? Agége ni ó kọ́ wa ní èyí, àwọn ẹ̀yà Utah sì ń jẹ́rìí sí i. Èkejì ni ti olórí: ní oṣù wo lọ́dún ni yóò wá ṣírò iṣẹ́ rẹ̀, níwájú ta ni, ta ni ó sì lè sọ fún un pé, Bàbá, ibí yìí kò tọ́? Pachomius dáhùn èyí ní ọdún tí ó ju 1600 lọ. Mountain Meadows fi ìyà àìdáhùn rẹ̀ hàn. Ẹ̀kẹta ni ti ikú: nígbà tí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bá lọ, òfin wo ni yóò kó àwọn ọmọ jọ, tí yóò sì fún àwọn ọ̀dọ́ ní ìpín tí ọwọ́ wọn lè dì mú? Ayétòrò ni ó béèrè èyí, òkun kò sì tíì dákẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè rò pé láti béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni Ọlọ́run jẹ́ àìnígbàgbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó bá Coker jáde ní 1901 kò jáde nítorí àìnígbàgbọ́; wọ́n jáde nítorí wọ́n gbà pé ọmọ ìjọ ní ẹnu nínú ọ̀ràn ìjọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti mú ọgbọ́n kan náà wọ inú ìwé ilẹ̀ oko wọn, bóyá ìtàn Agége ì bá gba ọ̀nà mìíràn.

Mo bẹ̀ yín nígbà náà, ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ, kí ẹ ṣí àpótí ìwé ìjọ yín ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ yìí. Ẹ wá ìwé ilẹ̀ rẹ̀ jáde, kí ẹ kà á sókè níwájú ara yín. Ẹ wá ìwé àṣẹ ìkọ́lé rẹ̀. Ẹ wo ìgbà tí a ka ìṣirò owó fún gbogbo ìjọ kẹ́yìn. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Àwọn tí ó ṣáájú wa ti ṣe iṣẹ́ tiwọn: wọ́n ṣán igbó, wọ́n gún òpó, wọ́n kọ́ ilé. Èyí tí ó kù jẹ́ tiwa.

Kí Ọlọ́run bùkún ìlú yìí, kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti pa á mọ́.